Ìrọbí Láìsí Igbe

Fẹ́yìsetán gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ikùn ọmọ rẹ̀, ikùn náà sì le gbagidi lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ó mọ líle yẹn. Obìnrin tó bí ọmọ mẹ́fà kò nílò ẹni tí yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ọ pé ìrọbí ti dé góńgó. Ó di eyín pọ̀, ó fi ọwọ́ kejì di irin bẹ́ẹ̀dì mú, ó ń retí igbe. Igbe kò wá. Bọ́lánlé yíjú sí i pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Yèyé, ṣé ẹ ti jẹun? Báyọ̀ ra uṣu sísun lọ́nà. Ó wà nínú báàgì yẹn."

Iṣu sísun! Ẹni tó ń rọbí lọ́wọ́ ló ń wá iṣu sísun fún ẹni tó jókòó tì í! Fẹ́yìsetán yọ ọwọ́ kúrò lórí ikùn náà kíá, ó wo ojú ọmọ rẹ̀ dáadáa bóyá orí rẹ̀ ṣì pé. Orí rẹ̀ pé. Ó tún gbé ọwọ́ padà. Ikùn ṣì le, Bọ́lánlé ṣì ń rẹ́rìn-ín.

Ní abúlé wọn, lójú ọ̀nà oko kòkó tó wà lẹ́yìn Ìsẹ̀, igbe ni wọ́n fi ń mọ bí nǹkan ṣe ń lọ. Bí igbe aboyún bá kúrú, àwọn obìnrin ilé á jókòó, wọ́n á máa bó ẹ̀gúsí wọn lọ. Bó bá gùn, wọ́n á dìde. Bó bá wá di pé ohùn náà ń lọ sílẹ̀, tí ó ń lọ sílẹ̀, tí ó fi dákẹ́, àwọn àgbà inú wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, nítorí wọ́n mọ ohun tó ń bọ̀. "A ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ" ni wọ́n máa ń wí fún aboyún, wọn kì í sì í fi ṣeré. Ohùn ni ẹ̀rí pé olóhùn ṣì wà níbẹ̀. Ìdí nìyí tí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yàrá yẹn fi ń ba Fẹ́yìsetán lẹ́rù ju ariwo lọ.

Ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Ìkẹ́rẹ́ ni wọ́n wà, nínú yàrá kan tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí òkè Olósùnta. Bọ́lánlé, olùkọ́ ni ní ìlú náà, oyún àkọ́kọ́ rẹ̀ sì nìyí. Láti oṣù tó kọjá ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ń ru, wọ́n sì ti sọ fún un pé ìrora ìrọbí lè mú kó ru kọjá ààlà. Ni wọ́n bá ránṣẹ́ pe Dókítà Ọláníyì láti Adó, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó jẹ́ pé pípa ìrora ni iṣẹ́ tó kọ́. Ó dé ní òwúrọ̀, ó ní kí Bọ́lánlé jókòó kó sì tẹ̀ síwájú mọ́ ìrọ̀rí, ó fi abẹ́rẹ́ wá ààyè láàrin eegun ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì fi rọ́bà kan tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú sílẹ̀ níbẹ̀ kí oògùn lè máa gbà á wọlé díẹ̀díẹ̀. Kò pẹ́ tí ìrora tó ti ń fi ìyà jẹ Bọ́lánlé fi wábi gbà.

Báyọ̀, ọkọ Bọ́lánlé, ti gbà pé kí wọ́n ṣe é. Bọ́lánlé fúnra rẹ̀ ti gbà. Ẹni tí ẹnikẹ́ni kò bi ni Fẹ́yìsetán, bí wọ́n bá sì bi í, ó ní ohun tó máa sọ, ó sì pọ̀. Ṣebí nínú ìrora ni Ìwé Mímọ́ ní kí obìnrin máa bímọ? Ta wá ni ọmọ Adó yìí, tí irùngbọ̀n rẹ̀ kò tíì kún, tó fẹ́ bá Ọlọ́run tún un ṣe? Ọ̀rọ̀ náà ń yí lẹ́nu rẹ̀, ó ń wá ẹni tí yóò sọ ọ́ fún.

Ṣùgbọ́n kí á má parọ́, ẹnu yà á. Ìgbàkígbà tí ikùn bá le, á fi ọwọ́ sí i, á gbọ́ agbára ńlá tó ń ṣiṣẹ́ nínú lọ́hùn-ún, á wo ojú ọmọ rẹ̀ tó tutù pẹ̀sẹ̀. Ó dà bí ìgbà tí òjò ńlá ń rọ̀ lórí páánù, tí ẹni tó jókòó sínú ilé kò gbọ́ nǹkan kan. Ó rántí àwọn ìrọbí tirẹ̀, bó ṣe máa ń ki aṣọ bọ ẹnu kí ó lè máa rí nǹkan gé jẹ, bí ìyá ọkọ rẹ̀ ṣe máa ń sọ lórí rẹ̀ pé, "Fara dà á, obìnrin ni ọ́." Ìlara díẹ̀ wọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà ojú tì í, pé òun ń ṣe ìlara ọmọ tí òun bí.

Oòrùn ti ń súnmọ́ àtàrí nígbà tí ohun tó ń bà á lẹ́rù dé. Ó ń fi ẹ̀gbẹ́ apá rẹ̀ nu ojú Bọ́lánlé, ó sì gbọ́ ooru níbẹ̀. Ó gbé ẹ̀yìn ọwọ́ sí ọrùn rẹ̀. Ooru. Nọ́ọ̀sì Doyinsọ́lá, agbẹ̀bí tó ń tọ́jú wọn, fi tẹmọmítà wò ó, ojú rẹ̀ yí padà díẹ̀, ó sì jáde lọ pe dókítà.

Ibà nínú ìkúnlẹ̀. Orúkọ kan ṣoṣo ni ohun yẹn ní lọ́kàn Fẹ́yìsetán, orúkọ náà ni Mary. Mary ni àbúrò tó tẹ̀ lé e. Inú oko ló bímọ sí, láìsí wàhálà. Ó mu ẹ̀kọ, ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí wọ́n wo imú ọmọ bó ṣe jọ ti bàbá rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ara rẹ̀ gbóná. Wọ́n ní ibà lásán ni. Kí wọ́n tó gbé e dé Ìsẹ̀, ó ti ń bá àwọn tí kò sí níbẹ̀ sọ̀rọ̀, orí rẹ̀ wà lórí itan Fẹ́yìsetán, itan náà sì ń gbóná bí ẹni tó jókòó ti ààrò. Wọn kò gbé e padà wálé láàyè. Ẹni tí ejò bá bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Lójú Fẹ́yìsetán, èyí tó wà níwájú rẹ̀ yìí kì í ṣe ekòló, ejò ọjọ́ kìíní gan-an ló padà dé.

Bọ́lánlé bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Eyín rẹ̀ ń lu ara wọn.

"Òtútù ń mú mi, Yèyé."

Ẹ jẹ́ kí á má dá Fẹ́yìsetán lẹ́bi ohun tó ṣe tẹ̀ lé e, nítorí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló lọ ṣe. Òun ni wọ́n ń pè ní abúlé láti wẹ ìyá ọmọ. Omi gbígbóná àti aṣọ ìnura ni irinṣẹ́ rẹ̀. Á fi jó ikùn, á fi jó itan, á fi jó ẹ̀yìn. Ọgbọ́n iṣẹ́ náà kò ju ọ̀kan lọ: bí ìyá ọmọ bá ta gìrì, tó ní, "Yéè, ó gbóná jù," a jẹ́ pé ó ti tó. Ọwọ́ Fẹ́yìsetán fúnra rẹ̀ kò lè sọ nǹkan kan fún un. Gàrí tó ti ń yan láti kékeré ti sọ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ di awọ. Ó lè mú ẹyin iná nínú ààrò kó gbé e lé ibòmíràn kí ó tó rántí pé iná ni. Filáàsì omi gbígbóná ló sì kọ́kọ́ kó sínú báàgì rẹ̀ nígbà tí wọ́n pè é láti abúlé.

Ó da omi sórí aṣọ ìnura, ó fún un, ó ṣí aṣọ lẹ́sẹ̀ Bọ́lánlé, ó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn nítan. Bọ́lánlé kò mira.

"Ṣé ọ́ gbóná tó?"

"Mi ò mọ̀, Yèyé." Ojú rẹ̀ wà ní pípadé, ó ṣì ń gbọ̀n.

Kò gbóná tó nìyẹn. Fẹ́yìsetán da òmíràn sí i, èéfín ń rú, ó tún tẹ̀ ẹ́ mọ́ ibì kan náà. Bọ́lánlé kò mira. Fẹ́yìsetán bínú sí filáàsì náà pé ó ti sọ omi òun di tútù, ó dojú rẹ̀ dé pátápátá sórí aṣọ ìnura. Bó ṣe fẹ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn ni Nọ́ọ̀sì Doyinsọ́lá wọlé.

"Màmá! Ẹ gbé ọwọ́ kúrò!"

Ó já aṣọ náà gbà, ó sì pariwo bó ṣe kàn án lọ́wọ́. Itan Bọ́lánlé ti pọ́n bí ẹyìn. Nọ́ọ̀sì sáré mú omi tútù wá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dà á sí i, ó ń dà á láìdúró. Ọlọ́run yọ wọ́n, awọ kò bó, kò sì lé ròrò. Bọ́lánlé gbé orí sókè, ó wo itan náà bí ìgbà tí ènìyàn ń wo ti ẹlòmíràn.

"Èmi lọ́ ni í?" ó béèrè.

"Màmá, ẹsẹ̀ yìí kò mọ iná," ni nọ́ọ̀sì wí. "Oògùn tó gba ìrora lára rẹ̀, kò ṣa ìrora ọmọ nìkan mú. Bí ẹ bá sè é, kò ní mọ̀."

Fẹ́yìsetán jókòó sórí àga. Ó wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Gbogbo ayé rẹ̀ ló ti fi ń gbọ́ ohun tí ara ń wí láti ẹnu olúwa rẹ̀, àṣé ara lè wà níbẹ̀, kó pé, kó gbóná, kó máa bímọ lọ́wọ́, kí ó má sì rán ẹnikẹ́ni sí ẹni tó ni ín. Ohun ìyanu náà tóbi jù fún un, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fi jó ọmọ rẹ̀. Nígbà tí Dókítà Ọláníyì wọlé, orí ìkúnlẹ̀ ló bá a, ìyá àgbà tó tó ó bí i.

"Dókítà, ẹ dákun, ẹ yọ abẹ́rẹ́ yín lára ọmọ mi. Ubà ti wọlé. Ubà lọ́ pa àbúrò mi."

Dókítà náà yára dọ̀bálẹ̀ kí ó tó gbà á lápá dìde. Ó mú àga, ó jókòó níwájú rẹ̀, ó sì béèrè nípa àbúrò náà kí ó tó sọ nǹkan mìíràn. Ó gbọ́ ọ tán.

"Màmá, mi ò ní tàn yín," ó ní. "Oògùn yìí nìkan máa ń mú ara àwọn aboyún mìíràn gbóná, láìsí kòkòrò kankan níbẹ̀. Àwa tí à ń lò ó gan-an kò tíì mọ ìdí rẹ̀ tán. Ibà kejì tún wà, tó jẹ́ pé kòkòrò ló wọ inú ilé ọmọ. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ irú rẹ̀ ló mú àbúrò yín lọ. Bí méjèèjì bá dúró níwájú mi, ìbejì ni wọ́n. Mi ò lè búra èwo nínú wọn ni èyí tí mo ń wò yìí. Nítorí náà, a ó ṣe é bí ẹni pé èyí tó burú ni. Oògùn tó ń pa kòkòrò ti ń bọ̀ nínú omi tí a fà sí i lára, oògùn ibà pẹ̀lú, a ó sì máa ṣọ́ ọkàn ọmọ. Bí a bá yọ ti ẹ̀yìn, ìrora á padà, ẹ̀jẹ̀ á ru, kò sì sí ẹni tó lè sọ pé ibà máa tẹ̀ lé e lọ."

Fẹ́yìsetán ti múra sílẹ̀ de ìgbéraga. Kò múra sílẹ̀ de ọkùnrin tó kàwé dé ibi tí ìwé parí sí, tó sì jókòó síwájú ìyá arúgbó láti sọ pé òun kò mọ̀. Ó gbé ọ̀rọ̀ tó ti ń yí lẹ́nu rẹ̀ láti òwúrọ̀ tì.

"Yèyé, ẹ jẹ́ kọ́ wà ńbẹ̀," Bọ́lánlé wí láti orí bẹ́ẹ̀dì. "Ẹ̀rù ń bà mí. Ṣùgbọ́n mo ń rí ẹnu gbàdúrà. Bí ùrora bá padà, mi ò ní lè gbàdúrà mọ́."

Wọ́n fi í síbẹ̀. Oògùn ń kán, ẹ̀rọ tó ń gbọ́ ọkàn ọmọ ń dún gbì-gbì-gbì, ọkàn náà sì ń sáré ju bó ṣe yẹ lọ. Nọ́ọ̀sì Doyinsọ́lá yẹ Bọ́lánlé wò, ó ní ọ̀nà ti ṣí tán, ó kù kí ó tì. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé Bọ́lánlé kò mọ ìgbà tó yẹ kó tì. Nọ́ọ̀sì náà wo Fẹ́yìsetán, ó wo ọwọ́ rẹ̀.

"Màmá, ọwọ́ tó fẹ́ sun wá jẹ yìí, ẹ gbé e síbi tí mo ti lè rí i." Ó mú ọwọ́ náà, ó gbé e lé orí ikùn Bọ́lánlé. "Bó bá ti ń le, ẹ wí. Ẹ má ṣe ohun mìíràn o."

Fẹ́yìsetán kò mí. Ikùn dẹ̀. Ikùn dẹ̀ síbẹ̀. Lẹ́yìn náà, láti òkè lọ́hùn-ún, nǹkan kan bẹ̀rẹ̀ sí í kó ara rẹ̀ jọ.

"Ọ́ ń bọ̀," ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Lẹ́yìn náà ó pariwo. "Ọ́ ti dé! Tì í, Bọ́lánlé!"

Bọ́lánlé tì. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é: ìyá ń gbọ́ ọ, ọmọ ń tì í. Èyí tí Bọ́lánlé kò lè mọ̀ nínú ara rẹ̀, ọwọ́ ìyá rẹ̀ ló ń bá a mọ̀ ọ́n. Fẹ́yìsetán gbọ́ bí ọmọ náà ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, bí ẹ̀yìn rẹ̀ kékeré ṣe ń yí, bí ẹsẹ̀ ṣe ta á lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan tó sì lọ. Omi ń jáde lójú rẹ̀, kò sì mọ̀. Òun ti rọbí lẹ́ẹ̀mẹfà, òun kò rí ìrọbí rí. Ìrora kì í jẹ́ kí ènìyàn wo ohun tó ń ṣe é. Àṣé iṣẹ́ tó ń lọ lábẹ́ gbogbo igbe wọ̀nyẹn nìyí, tó lágbára tó báyìí, tó mọ ọ̀nà tó báyìí, tó sì lẹ́wà!

Ọmọbìnrin ni. Ó ké kíákíá, ó ké gan-an, ara rẹ̀ sì gbóná bíi ti ìyá rẹ̀. Wọ́n gbé e fún Bọ́lánlé kó rí i, lẹ́yìn náà wọ́n gbà á láti gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lára rẹ̀ fún àyẹ̀wò, wọ́n sì tẹ́ ẹ sí ẹ̀gbẹ́ kan níbi tí ojú wọn yóò ti máa tó o. Nọ́ọ̀sì rán ibi tó ya lábẹ́ Bọ́lánlé. Báyọ̀ ń kọrin ìyìn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ohùn rẹ̀ kò sì dára rárá. Bọ́lánlé ń rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀rín yẹn ló le jù fún Fẹ́yìsetán. Mary náà rẹ́rìn-ín. Ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kò jẹun, kò bá wọn kọrin, kò tilẹ̀ wo ọmọ lẹ́ẹ̀mejì, nítorí ó ń bẹ̀rù pé bí òun bá yọ̀, nǹkan kan á gbọ́. Ó ń ṣọ́ ojú Bọ́lánlé. Ó ń ṣọ́ bóyá yóò bá ẹni tí kò sí níbẹ̀ sọ̀rọ̀. Ọ̀sán lọ, oòrùn rọra kúrò lára ògiri, nọ́ọ̀sì ń wọlé ó ń jáde pẹ̀lú tẹmọmítà, ó ń ní, "Ó ṣì wà níbẹ̀, Màmá, a ṣì ń ṣọ́ ọ."

Ó yá, Bọ́lánlé sùn. Òógùn wẹ́wẹ́ yọ níwájú orí rẹ̀. Fẹ́yìsetán gbé ọwọ́ sókè, ó sì dá a dúró. Kò fọkàn tán ọwọ́ náà mọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ lé iwájú orí ọmọ rẹ̀, ó sì fi síbẹ̀. Ó tutù. Kì í ṣe tútù òkú, tútù ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti odò dé ni. Nọ́ọ̀sì wá, ó wò ó, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ibà ti ń lọ, bẹ́ẹ̀ ni ara ọmọ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n oògùn ṣì máa tẹ̀ síwájú títí èsì àyẹ̀wò yóò fi dé. Fẹ́yìsetán kò gbọ́ èyí tó kù. Ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ níbi tó wà, ó ń sunkún lórí ọmọ rẹ̀ tó ń sùn, ẹkún Mary àti ẹkún ayọ̀ pọ̀ mọ́ra wọn, kò sì gbìyànjú láti yà wọ́n sọ́tọ̀.

Wọ́n ti yọ rọ́bà ẹ̀yìn kúrò kí ilẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Ọmọ ìka ẹsẹ̀ Bọ́lánlé kọ́kọ́ mira, lẹ́yìn náà ó ká orúnkún kan. Lójijì, ó la ojú.

"Yéè! Yèyé! Itan mi ń ta mí. Abẹ́ mi náà, ibi tí wọ́n rán. Yéè!"

"Ọpẹ́ o!" Fẹ́yìsetán ti ké e jáde kí ó tó rò ó. Ọmọ òun ti padà sínú ara rẹ̀! Ó pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. Nígbà náà ló rí ojú Bọ́lánlé, bó ṣe rún, bó ṣe fi eyín di ètè mú, ó sì mọ̀ pé ìrora ọmọ òun ni òun ń dúpẹ́ lé lórí. "Fara dà á" ti dé ẹnu rẹ̀. Ó ti dé ahọ́n. Èyí tó kù ni pé, "Obìnrin ni ọ́."

Ó gbé e mì. Ó dìde, ó jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ láìwọ bàtà, ó kọjá Báyọ̀ tó fẹ́ bá a sọ̀rọ̀, ó bá Nọ́ọ̀sì Doyinsọ́lá níbi tó ti ń fọ ọwọ́.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ wá o. Ùrora ń ṣe ọmọ mi. Ẹ fún un lóògùn."

"Ó ti ń mọ ara rẹ̀ nìyẹn, Màmá, ó dára bẹ́ẹ̀. Ẹ ní kó mú un mọ́ra díẹ̀, mo ń bọ̀."

Fẹ́yìsetán dúró síwájú rẹ̀, kò yẹ̀.

"Kí ló dé tọ́ fi máa mú un mọ́ra?"

Nọ́ọ̀sì Doyinsọ́lá nu ọwọ́ rẹ̀, ó sì lọ mú oògùn.